Igi Tí Ó Yẹ Iwájú Ilé Wa

Bí ènìyàn bá kọ́ ilé tán, tí ó kùn ún lọ́dà, tí ó sì fi géètì sí i, àwọn ará àdúgbò a kí i kú oríire. Ṣùgbọ́n ní tèmi o, ilé tí kò ní igi kan ṣoṣo ní iwájú dà bí ọkùnrin tí ó gbé agbádá wọ̀ tí kò dé fìlà. Aṣọ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí i yóò mọ̀ pé ó ku nǹkan kan.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ fi ara mi ṣe ọ̀gá àgbẹ̀ lójú yín. Èdè ni mo ń kọ́ ní yunifásítì, èdè Yorùbá àti èdè Faransé. Ọkọ́ kò sì mọ́ mi lọ́wọ́ tó kálàmù. Ọ̀rọ̀ igi tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí, ọ̀nà èdè ni ó gbà tọ̀ mí wá.

Ẹ wo ìlú Ìbàdàn. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀, ẹ ó gbọ́ tí kọndọ́kítọ̀ yóò máa pe Ìdí-Àpẹ́, Ìdí-Arere, Ìdí-Ìṣin, Ìdí-Ayùnrẹ́. Ẹ lọ sí Èkó, ẹ ó bá Ìdí-Àràbà àti Ìdí-Òro níbẹ̀. Ẹ lọ sí ẹnubodè àwa àti ilẹ̀ Benin, Ìdí-Ìrókò ni ẹ ó kọ́kọ́ kàn. Ní Ìdí-Ìṣin ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975. Àwọn ọ̀mọ̀wé igi ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí igi ti sọ lórúkọ. Àwọn baba wa kò wá orúkọ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Igi tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ ṣe ibi ìsinmi ni wọ́n fi ń júwe ilé. Igi lè wó, kí iná sì fi jẹ, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò ní wó.

Ayé òde òní ńkọ́? “Bí ẹ bá dé ilé epo, ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ máa wo géètì dúdú.” Géètì dúdú ní àdúgbò wa nìkan yóò tó ogún.

Ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn ni bàbá mi kọ́ ilé sí. Ọdún pọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ, nítorí owó oṣù tíṣà ni wọ́n fi ń ra bíríkì, díẹ̀ díẹ̀ bí ẹyẹ tí ń mọ ìtẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, a kó wọ ibẹ̀, ìyá àgbà, tí ó bí bàbá mi, sì bá wa kó wá láti agbo-ilé. Ilẹ̀ náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn. Nígbà tí ilé ti gba tirẹ̀, tí kànga gba tirẹ̀, tí kòtò omi ìdọ̀tí náà gba tirẹ̀, ohun tí ó ṣẹ́kù ní iwájú, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé géètì, kò ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ. Bíríkìlà ní kí á da kọnkéré sí gbogbo rẹ̀, kí ẹrẹ̀ má baà yọ wá lẹ́nu. Bàbá mi da ìdajì, owó sì tán.

Kọnkéré yìí ni ó mú ọ̀rọ̀ wá. Ní agbo-ilé, igi akòko kan ń bẹ ní ojúde, abẹ́ rẹ̀ sì ni ìyá àgbà máa ń jókòó sí láti ìgbà tí oòrùn bá ti mú títí di ìrọ̀lẹ́. Wọn a máa bó ẹ̀gúsí, wọn a máa kí ẹni tí ń kọjá lọ, wọn a ki ọmọ ní oríkì, wọn a dá aláriwo lẹ́kun. Nígbà tí wọ́n dé ilé titun, kò sí ibi tí wọ́n lè jókòó sí ní ìta. Bí aago mọ́kànlá bá ti lù, kọnkéré a máa gbóná bí agbada. Inú yàrá ni wọ́n wà láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹnu tí ń kí gbogbo ayé wá ń dákẹ́ lójoojúmọ́. Èmi tí mo ń kọ́ èdè Yorùbá mọ ohun tí ń lọ: ìwé tí kò ní ẹ̀dà kejì ni ó ń pa dé níṣojú mi yẹn.

Ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ọdún yẹn, bàbá mi pè mí, wọ́n ní, “Ìwọ ni o ń ka ìwé. Wá igi tí ó yẹ ilé yìí fún mi. Ó gbọ́dọ̀ lẹ́wà. Kò gbọdọ̀ la ògiri mi. Kí ó sì tètè dàgbà, kí Màmá lè jókòó sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tí ojú wọn ṣì ń ríran.” Ọ̀nà mẹ́ta ni bàbá mi là sílẹ̀ fún mi, mo sì yára rí i pé igi tí ó lè gba ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò pọ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta fúláwà ní etí títì, àwọn tí ń to igi kéékèèké sínú ọ̀rá dúdú. Igi eégún ni wọ́n fi lọ̀ mí. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa: igi tí ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òpó, tí ewé rẹ̀ gígùn ń wọ́ sílẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ bí aṣọ eégún. Ilẹ̀ Íńdíà àti Sri Lanka ni ó ti wá, longifolia sì ni àwọn onímọ̀ fi kún orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn, ìyẹn “aléwé-gígùn”. Ìwà rẹ̀ dára: kì í tàn ká, a sì lè gbìn ín sí ẹ̀bá fẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n òpó kì í ṣíji bo ènìyàn. Bí ìyá àgbà bá jókòó sí ìdí rẹ̀, èjìká kan ni ibòòji yóò kàn, oòrùn yóò sì máa pa èkejì. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Èkejì ni pánṣẹ́kẹ́, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ Faransé, tí wọ́n ń pè é ní flamboyant, ìyẹn “èyí tí ń jó bí ọwọ́ iná”. Ẹni tí ó bá ti rí i nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, tí ó pọ́n láti orí dé ẹ̀ka, yóò gbà pé orúkọ náà kò parọ́. Erékùṣù Madagascar ni ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé àdúgbò kan ń bẹ ní Abẹ́òkúta tí ó ń jẹ́ Pánṣẹ́kẹ́ títí di òní. Ọkàn mi fẹ́ ẹ púpọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà rẹ̀ fún yín. Ẹ̀ka rẹ̀ a máa tẹ́ rẹrẹ bí agboòrùn, a sì máa fẹ̀ ju bí ó ti ga lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa rìn ní òkè ilẹ̀, a sì máa gbé kọnkéré sókè. Bí ìjì bá jà, ẹ̀ka rẹ̀ kì í pẹ́ dá. Èyí tí ó sì burú jù fún ẹni tí ń wá ibòòji ni pé ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí oòrùn ń mú jù, ni ó ń wọ́ ewé sílẹ̀. Igi yìí wà fún ẹni tí ó ní pápá. Kò wà fún ẹsẹ̀ bàtà 25.

Mo wá ronú kan igi tiwa, òrúrù. Ta ni kò mọ òrúrù nínú wa, tí òdòdó rẹ̀ pupa bí ẹyin iná ní àárín igbó? Nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń ṣa èyí tí kò tí ì là, a ó fún un, omi inú rẹ̀ yóò sì tú sí ojú ẹlẹgbẹ́ wa. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Palisot de Beauvois, tí ó dé ilẹ̀ Ọ̀wárẹ̀ àti Ìbìní ní 1786, ni ó fún un ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é títí di òní, nínú ìwé ńlá tí ó ṣe nípa àwọn igi àti ewé ibẹ̀. Apá tí òrúrù wà jáde ní Paris ní 1805. Láti ìgbà náà ni àwọn òyìnbó ti ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri, tí wọ́n ń gbìn ín sí iwájú ilé àti ẹ̀bá títì fún ẹwà. Irúgbìn rẹ̀ fúyẹ́, ó ní ìyẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ. Ó gba oko tí àwọn ènìyàn fi sílẹ̀ ní Puerto Rico. Ó di wàhálà ní Hawaii àti Fiji. Lónìí ó wà nínú ìwé orúkọ ọgọ́rùn-ún ohun abẹ̀mí tí ó burú jù nínú àwọn tí wọ́n ń gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: igi tí ń gba oko olóko ní òkèèrè ni ó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé láàárín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú igbó tiwa. Ṣùgbọ́n igi rẹ̀ rọ̀, ẹ̀ka rẹ̀ a máa dá lójijì, bàbá mi sì ti ní kò gbọdọ̀ la ilé. Mo fẹ́ràn òrúrù títí di òní, àmọ́ inú igbó ni kí ó wà.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo jábọ̀ ohun tí mo rí, gbogbo wa wà ní pálọ̀: bàbá mi, ìyá mi, àbúrò bàbá mi tí ó wá kí wa, àti ìyá àgbà tí a rò pé wọ́n ti sùn lórí àga. Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n la ojú, wọ́n ní, “Àyìndé, akòko ńkọ́?”

Àbúrò bàbá mi fò sókè. Wọ́n ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́! Igi òrìṣà? Ní iwájú ilé onígbàgbọ́?”

Ìyá mi kò bínú bí tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wúwo lọ́kàn wọn. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn ará ìjọ máa ń wá ṣe àdúrà ní ilé wa. Wọ́n ní, “Bí wọ́n bá bi mí léèrè, kí ni n ó wí?”

Ìyá àgbà ní, “Sọ fún wọn pé ibòòji ni.”

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni àbúrò bàbá mi sọ. Òótọ́ ni pé a máa ń rí akòko ní ojúbọ. Òótọ́ náà ni pé ewé rẹ̀ ni a ń fi lé orí ọba àti ìjòyè ní ọjọ́ tí wọ́n bá jẹ oyè, ìbá à ṣe Mùsùlùmí, ìbá à ṣe ọmọ ìjọ. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kà. Mo ní nígbà tí àwọn onímọ̀ ń fún igi lórúkọ ní èdè Látìn, pánṣẹ́kẹ́ ni wọ́n pè ní regia, ìtumọ̀ rẹ̀ ni “ti ọba”, nítorí wọ́n rí òdòdó rẹ̀, ó sì wọ̀ wọ́n lójú. Akòko ńkọ́? Palisot de Beauvois kan náà ni ó rí i, laevis ni ó sì pè é, ìyẹn “dídán”, nítorí ewé rẹ̀ ń dán. Òótọ́ ni, ewé akòko ń dán. Ṣùgbọ́n igi tí ó ń fọwọ́ kan orí ọba ni a pè ní dídán, èyí tí kò mọ ààfin rí ni a pè ní ti ọba. Ẹni tí ó sọ wọ́n lórúkọ kò ṣẹ̀. Ojú nìkan ni ó fi wò wọ́n, kò sí ẹni tí ó sọ ìtàn fún un. Mo ní bí àwa tí a mọ ìtàn náà bá wá ń sá fún igi, tí a ń ra èyí tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú, a jẹ́ pé àwa náà ti di àlejò lójúde ara wa.

Àbúrò bàbá mi kò gbà. Títí di òní, wọn kò gbà. Bí wọ́n bá wá, ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wọlé, a sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá mi béèrè: “Màmá, ṣé kò la ògiri agbo-ilé láti ọjọ́ yìí?” Ìyá àgbà ní, “Kí n tó wọ ilé ọkọ ni ó ti wà níbẹ̀. Ṣé ògiri ti là?” Bàbá mi ní ó parí.

Ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí òjò ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, a lọ gé igi mẹ́ta lára akòko agbo-ilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó ènìyàn, ó sì nípọn tó ọrùn ọwọ́. Ẹ̀wà akòko ni pé kò dìgbà tí a bá wá irúgbìn. Igi rẹ̀ tí a bá gé gbìn a máa hù, ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn àgbà fi ń fi í ṣe ààlà àti ọgbà. Orí àga ni ìyá àgbà wà tí wọ́n ń pàṣẹ. Wọ́n ní kí n gé ìdí rẹ̀ ní dídà, kí omi má dúró síbẹ̀, kí n sì ṣọ́ra kí n má dorí rẹ̀ kodò. A gbẹ́ ihò mẹ́ta ní apá ibi tí kọnkéré kò dé, ẹsẹ̀ bàtà méjì ní jíjìn, a fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sáàárín wọn. Ilẹ̀ dúdú tí ó wà lókè ni a yà sọ́tọ̀, tí a pò mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà, tí a sì dà padà sí ìdí igi. Ìgbẹ́ tútù a máa jó gbòǹgbò. A tẹ ilẹ̀ náà le, a fi igi tì wọ́n kí afẹ́fẹ́ má baà mì wọ́n, a sì fi ọ̀pá ṣe ọgbà yí wọn ká nítorí ewúrẹ́ àwọn aládùúgbò. Nígbà tí ọyẹ́ dé, a kó koríko gbígbẹ sí ìdí wọn, ṣùgbọ́n kò kan ara igi, nítorí ikán. Ìrọ̀lẹ́ ni a ń bu omi rin wọ́n.

Kí ni a fi mẹ́ta ṣe? Akòko a máa dúró ṣánṣán ni, ẹyọ kan kì í tàn tó, igi kan kì í sì í dá igbó ṣe. Nígbà tí wọ́n ti ga ju fẹ́ǹsì lọ, a bẹ́ orí wọn kí wọ́n lè yọ ẹ̀ka sí ẹ̀gbẹ́. Bàbá mi kò gbàgbé igi eégún tí ó wù wọ́n. A gbin méjì sí igun fẹ́ǹsì, wọ́n dúró bí ẹ̀ṣọ́, ojú wa sì gbà wọ́n.

Ọdún kẹta nìyí. Òdòdó akòko, tí ó rí bí fèrè kékeré, tí àwọ̀ rẹ̀ ń pọ́n díẹ̀ bí aṣọ tí a rẹ sínú omi oṣùn fẹ́ẹ́rẹ́, ti yọ ní ẹ̀ẹ̀run tí ó kọjá. Ìyá àgbà ti padà sí ìta. Àpótí wọn ń tẹ̀lé ibòòji kiri: òwúrọ̀ níhìn-ín, ọ̀sán lọ́hùn-ún. Wọ́n ti mọ orúkọ ọmọ gbogbo ojúlé tí ó yí wa ká. Àwọn ará ìjọ ń dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọn a kọ́kọ́ dúró sí ìdí akòko kí wọ́n nu òógùn, kò sì tí ì sí ẹni tí ó bi ìyá mi léèrè nǹkan kan. Ibòòji náà kò tí ì tó ènìyàn méjì. Nítorí náà, bí mo bá dé láti ilé-ìwé, tí mo mú ìwé àkọsílẹ̀ mi jáde láti kọ ọ̀rọ̀ tí ń bọ́ lẹ́nu wọn, inú oòrùn ni èmi máa ń jókòó sí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, n kò sọ pé kí ẹ hú igi àjèjì dànù o. Mángòrò pàápàá, apá Íńdíà ni ó ti wá, ta ni yóò sì sọ lónìí pé kì í ṣe ará ilé? Àlejò tí ó bá pẹ́ a máa gba orúkọ, bí pánṣẹ́kẹ́ ti gbà á. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ẹ tó gbin igi sí iwájú ilé, ẹ béèrè ìwà rẹ̀: báwo ni yóò ti fẹ̀ tó, níbo ni gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn, ṣé yóò ní ewé ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú jù? Bí ẹ bá béèrè ìwọ̀nyí tán, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àgbà, nígbà tí àgbà ṣì ń bẹ. Igi kan ń bẹ ní ẹnu ọ̀nà yàrá tí a ti ń gba ẹ̀kọ́, ojoojúmọ́ ni a ń fi ẹ̀yìn tì í. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ mi dé ìhín, ẹ jáde lọ wò ó, kí ẹ sì gbìyànjú láti pè é.